Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìtàn Àwọn Ẹgbẹ́ Rọ́ọ̀kì Ìlú Athens

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Ṣùgbọ́n ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1975, bí ọ̀dọ́ kan bá ní gìtá lọ́wọ́, tí ó sì fẹ́ kí orin rọ́ọ̀kì tí òun ń kọ dé etí aráyé, ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo ènìyàn ń júwe fún un: kí ó gba New York tàbí Los Angeles lọ, kí ó foríbalẹ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá tí ń gbé àwo jáde, kí àwọn wọ̀nyí mú un wọ sítúdíò olówó gọbọi, kí wọ́n tún orin rẹ̀ gé bí ó ti wù wọ́n, kí wọ́n tó wá fi í lé àwọn ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá rí ojú rere wọn, a fi gìtá rẹ̀ kọ́ ògiri, a wá iṣẹ́ mìíràn ṣe. Àwọn ẹgbẹ́ olórin tí ayé ń pè ní alternative, tí wọ́n ti wá pọ̀ bí eṣú báyìí, ni wọ́n la ọ̀nà mìíràn gba inú igbó dídí wọ ọjà kan náà, bí wọ́n sì ti là á ni mo fẹ́ sọ níhìn-ín. N kò ní díbọ́n bí adájọ́ tí kò mọ ẹnikẹ́ni nínú ẹjọ́: olùfẹ́ orin yìí ni mí, mo sì ń gbọ́ ọ pẹ̀lú àpàlà àti jùjú mi láìsí pé ọ̀kan lé èkejì jáde nílé.

Ìlú tí ó lè jáde wá sọ pé òun bá wọn dá a sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan. Manchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yóò pe The Smiths ní ọmọ rẹ̀, Minneapolis yóò nawọ́ sí The Replacements àti Hüsker Dü, Boston yóò dárúkọ Pixies, Seattle kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé Nirvana, tí àwo Nevermind rẹ̀, tí ó jáde ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1991, mú orin tí àwọn díẹ̀ ń gbọ́ ní kọ̀rọ̀ wọ pálọ̀ gbogbo ayé. Bí ó bá ku èmi nìkan, Athens ni n ó gbà lọ, Athens ti ìpínlẹ̀ Georgia, ìlú tí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ kò tó 50,000 nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, tí ó wà ní apá ìlà-oòrùn Atlanta, tí ènìyàn sì lè fi mọ́tò dé láàárín wákàtí kan àti ààbọ̀. Yunifásítì ìpínlẹ̀ náà, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní ọdún 1785, ni ọkàn ìlú ọ̀hún. Láyé ìgbà náà, àwọn ilé onígi ńláńlá tí àwọn olówó àtijọ́ kọ́ ti di ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé ní owó pọ́ọ́kú, ẹ̀ka ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà ibẹ̀ sì kún fún àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbà pé ohun tí ẹ̀dá bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe tó láti gbé síwájú ènìyàn. Kí n má parọ́, bí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ ará Athens léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú wọn ní ọdún 1980, bọ́ọ̀lù ni wọn yóò dáhùn, nítorí ọdún yẹn ni ẹgbẹ́ yunifásítì wọn gba ife-ẹ̀yẹ gbogbo Amẹ́ríkà nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbá.

Ọdún 1976 ni àwọn ọ̀rẹ́ márùn-ún kan, Kate Pierson, Fred Schneider, Keith Strickland, àti Ricky Wilson pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ obìnrin Cindy, jókòó yí ọtí kan ká nínú ilé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà kan ní Athens, tí wọ́n jọ mu ún tán, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ gba ilé ọ̀rẹ́ wọn lọ láti lọ fi ohun-èlò orin ṣeré. Báyìí ni ẹgbẹ́ The B-52's ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kejì ọdún 1977 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣeré níwájú ènìyàn, nínú àríyá ilé ọ̀rẹ́ kan, nítorí kò sí ilé ìjó kan ní ìlú náà tí ìbá gbà wọ́n. Àwọn obìnrin inú wọn a máa dé irun àtọwọ́dá gogoro, tí ó ga bí òkìtì ọ̀gán, ara irun yìí sì ni wọ́n ti mú orúkọ ẹgbẹ́ náà. Ricky ní tirẹ̀ a máa yọ okùn àárín kúrò lára gìtá rẹ̀, a sì tún àwọn tí ó kù fà sí ohùn tí ó wù ú, tó bẹ́ẹ̀ tí ìró rẹ̀ kò fi jọ ti ẹlòmíràn. Ní oṣù kejìlá ọdún 1977 kan náà, wọ́n ti wà lórí pèpéle Max's Kansas City ní New York. Àwo kékeré wọn àkọ́kọ́, Rock Lobster, jáde ní ọdún 1978 láti ọwọ́ DB Records, ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọkùnrin kan tí ó ń ta àwo ní Atlanta dá sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi wá wọn wá, wọ́n sì kó lọ sí New York. Ẹ̀ṣọ́ tí wọ́n kó ròde, ilé ni wọ́n ti kó o, ohun tí wọ́n sì fi sílẹ̀ fún àwọn tí ó kù ní Athens ju àwo lọ: wọ́n fi hàn wọ́n pé ó ṣeé ṣe.

Ẹgbẹ́ tí ó tẹ̀ lé wọn ni èmi fẹ́ràn jù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òkìkí rẹ̀ kéré. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ọnà méjì, Randall Bewley tí ó ń ta gìtá àti Michael Lachowski tí ó ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀, ni wọ́n ń dá ṣe ìdánrawò nínú yàrá kan láàárín ìlú, tí wọ́n ń ta ìró kan náà ní àtatúnta láìní ìbẹ̀rẹ̀, láìní òpin. Curtis Crowe, tí ó wà lókè wọn, gbọ́ ọ títí ó fi sú u. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó kan ilẹ̀kùn, ó ní bóyá ìlù ni ó kù kí ọ̀rọ̀ náà fi gún, ó sì gbé ìlù rẹ̀ wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1979, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ó ń jẹ́ Vanessa Briscoe dara pọ̀ mọ́ wọn gẹ́gẹ́ bí akọrin, ẹni tí ó mọ bí a ti í kígbe kí ó sì jẹ́ orin. Pylon ni wọ́n pe ara wọn. Èrò wọn kò ju pé kí wọ́n lọ ṣeré ní New York, kí ìwé ìròyìn ibẹ̀ dárúkọ wọn, kí wọ́n sì tú ká. Bí ẹni ń ṣe àwàdà ni. Àwọn B-52's, tí wọ́n ti mọ ẹnu ọ̀nà ibẹ̀, gbẹnu sọ fún wọn, nígbà tí ọdún 1979 kò sì tí ì parí, Pylon ti dúró lórí pèpéle kan náà pẹ̀lú Gang of Four, ẹgbẹ́ ará Leeds. Àwo wọn àkọ́kọ́, Gyrate, jáde ní ọdún 1980: ìlù tí ó le bí òkúta, gìtá tí ó mú bí abẹ, ohùn obìnrin kan láàárín wọn tí ó ń pàṣẹ bí ọ̀gá iṣẹ́.

Crowe yìí kan náà ni ó fún ìlú náà ní ilé tí a kò lè yọ kúrò nínú ìtàn rẹ̀. Òkè ilé ìtajà kan ní òpópónà College ni ó ń gbé, gílóòbù iná kan ṣoṣo tí agbára rẹ̀ jẹ́ 40 watt ni ó sì ń tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ibẹ̀. Àríyá tí ó ṣe níbẹ̀ ní ìparí oṣù kẹwàá ọdún 1978 ni wọ́n fi iná yẹn sọ lórúkọ, tí 40 Watt Club fi bẹ̀rẹ̀, tí ó sì ti ilé kan ṣí lọ sí òmíràn títí ó fi dúró sí òpópónà Washington, níbi tí ó wà títí di ìsinsìnyí. Àwọn ilé mìíràn kò rí bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Tyrone's, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàdé lálẹ́, jóná ní oṣù kìíní ọdún 1982, kò sì dìde mọ́. Georgia Theatre jóná ní ọdún 2009, ṣùgbọ́n wọ́n tún un kọ́, ó sì ṣílẹ̀kùn padà ní ọdún 2011.

Ní igun tí òpópónà Clayton àti College ti pàdé, ilé ìtajà àwo kan wà tí ó ń jẹ́ Wuxtry. Ọkùnrin gíga kan tí ó ń jẹ́ Peter Buck ni ó ń ta àwo níbẹ̀, ó sì máa ń ya àwọn tí ó dára jù sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀. Ọ̀dọ́ kan láti ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọnà, Michael Stipe, ni ó máa ń wọlé wá, tí ó sì máa ń nawọ́ sí àwo tí Buck ti fi pamọ́ gan-an. Ẹni méjì tí ojú wọn mọ ohun kan náà kò lè pẹ́ kí wọ́n tó di ọ̀rẹ́. Wọ́n pàdé Mike Mills àti Bill Berry, àwọn méjì tí wọ́n jọ ti ìlú Macon wá, nígbà tí ó sì di ọjọ́ 5 oṣù kẹrin ọdún 1980, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣeré àkọ́kọ́ níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí ọ̀rẹ́ kan, nínú ṣọ́ọ̀ṣì Episcopal àtijọ́ tí ó wà ní òpópónà Oconee, tí àwọn olùjọsìn ti fi sílẹ̀ tipẹ́, tí ó ti di ilé ìháyà fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọn kò tí ì ní orúkọ lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ṣí ìwé atúmọ̀ èdè, tí wọ́n sì mú R.E.M. níbẹ̀. Wọ́n ti wó ṣọ́ọ̀ṣì náà báyìí, ó ku ilé-ìṣọ́ agogo rẹ̀ nìkan tí ó nà gogoro sí òfuurufú, tí àwọn olùfẹ́ orin ń ti ọ̀nà jíjìn wá bá ya fọ́tò.

Ó tó àkókò kí n sọ bí òwò náà ti ń lọ gan-an, nítorí ibẹ̀ ni àṣírí ọ̀rọ̀ wà. Kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá tí yóò fi orin irú àwọn wọ̀nyí sórí afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní ilé-iṣẹ́ rédíò kéékèèké tiwọn, irú WUOG ti Athens tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1972, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò gba owó oṣù ti ń fi àwo tí ó wù wọ́n sórí ẹ̀rọ láàárín òru, láìsí ọ̀gá kan tí ó ń wo ẹ̀yìn wọn. Láti ọdún 1978, ìwé ìròyìn kan tí ó ń jẹ́ CMJ bẹ̀rẹ̀ sí í kó orúkọ àwọn orin tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń lò jọ, tó bẹ́ẹ̀ tí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní apá kan Amẹ́ríkà fi lè mọ ohun tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbọ́ ní apá kejì. Àwọn olórin á ti ka èyí, wọn á di ẹrù wọn sínú bọ́ọ̀sì kékeré kan, wọn á máa gba ìlú yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn, wọn á ṣeré nínú ilé ọtí tàbí ilé oúnjẹ pizza, wọn á sùn sórí ilẹ̀ nílé ẹni tí ó bá gbà wọ́n, wọn á sì ta díẹ̀ nínú àwo tí wọ́n kó dání. Ní ọdún 1981, R.E.M. lọ sínú gáréèjì kan ní Winston-Salem, ní ìpínlẹ̀ North Carolina, tí Mitch Easter ti sọ di sítúdíò nílé àwọn òbí rẹ̀, wọ́n gba orin Radio Free Europe sílẹ̀ níbẹ̀, ilé-iṣẹ́ kékeré kan tí ó ń jẹ́ Hib-Tone sì gbé e jáde. Ìwé ìròyìn New York Times kà á mọ́ àwọn àwo kékeré mẹ́wàá tí ó dára jù lọ́dún náà. Ẹni tí ó bá mọ bí owó tí wọ́n fi ṣe é ti kéré tó yóò mọ̀ pé ayé ti ń yí padà.

Nígbà tí I.R.S., ilé-iṣẹ́ tí ń gbé àwo jáde, gba R.E.M., wọ́n kọ́kọ́ mú ọ̀gá kan wá láti bá wọn ṣe àwo ńlá àkọ́kọ́, ọ̀gá náà sì ní kí wọ́n ta orin kan ṣoṣo ní àtatúnta títí ó fi rẹ̀ wọ́n, ó sì tún lọ fi ohùn dùùrù há a láàárín lẹ́yìn wọn. Wọ́n kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n padà sọ́dọ̀ Easter àti Don Dixon, nínú sítúdíò kan ní ìlú Charlotte, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ṣe Murmur, tí ó jáde ní oṣù kẹrin ọdún 1983, tí àwọn alárìíwísí ìwé ìròyìn Rolling Stone fi ṣe àwo ọdún náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọdún náà ni Thriller ti Michael Jackson ń jọba káàkiri ayé. Àwòrán èpò kudzu, ìtàkùn ilẹ̀ Japan tí ó ti bo oko àti ahéré mọ́lẹ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà, ni wọ́n fi sí iwájú àwo náà. Afárá ọkọ̀ ojú irin onígi kan ní Athens ni wọ́n sì fi sí ẹ̀yìn. Buck kì í fi gìtá pariwo; okùn kọ̀ọ̀kan ni ó ń ta ní ẹyọ ẹyọ, kí ó lè máa dún bí agogo. Gìtá olóhùn ìsàlẹ̀ ti Mills ni ó sábà máa ń gbé orin gan-an rìn. Ní ti Stipe, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ṣeé gbọ́ yé, ọ̀pọ̀ alárìíwísí sì fi èyí bú u. Èmi kò bá wọn bú u: ẹni tí etí rẹ̀ ti mọ́ ìlù dùndún, tí ó mọ̀ pé ohùn lè sọ̀rọ̀ kí ẹnu tó sọ ọ́, yóò gbọ́ ohun tí ọkùnrin náà ń wí.

Ohun kan wà nínú ìwà àwọn mẹ́rin wọ̀nyí tí mo rò pé ó gbé wọn ró ju orin wọn lọ. Orúkọ àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni wọ́n ń kọ sí abẹ́ gbogbo orin tí wọ́n bá ṣe, ẹni yòówù kí ó mú un wá, owó rẹ̀ sì dọ́gba láàárín wọn. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dé orí. Ẹgbẹ́ olórin tí ìjà owó tú ká kò lóǹkà, àti nílẹ̀ òyìnbó àti nílẹ̀ wa. Bí òkìkí wọn ti ń kàn sí i, tí orin wọn kan fi wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí àtẹ orin ní ọdún 1987, tí Warner Bros. sì gbé Green jáde fún wọn ní ọdún 1988, wọn kò kó kúrò ní Athens. Mandolin tí Buck ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ bí a ti í ta ni ó fi mú Losing My Religion wá ní ọdún 1991, orin tí kò sí ilé-iṣẹ́ rédíò ńlá kan tí ó lè kọ̀ ọ́ mọ́. Nígbà tí wọ́n sì ń wá orúkọ fún àwo ọdún 1992, wọn kò wò ó jìnnà: ara pátákó Weaver D's, búkà kan ní òpópónà Broad tí ó ń ta adìẹ díndín, ni wọ́n ti mú Automatic for the People, gbólóhùn tí onílé oúnjẹ náà, Dexter Weaver, fi ń dá oníbàárà lóhùn. Wọ́n lọ tọrọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kí wọ́n tó lò ó. Àwo náà tà káàkiri ayé.

Ikú àti àìsàn kò ṣàì bẹ ìlú náà wò. Ricky Wilson ti B-52's kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1985, ẹni ọdún 32. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1995, iṣan ẹ̀jẹ̀ bẹ́ nínú ọpọlọ Bill Berry lórí pèpéle ní Lausanne ní ilẹ̀ Switzerland. Ó yè é, ṣùgbọ́n ní ọdún 1997 ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, ó lọ ń ṣe àgbẹ̀. Àwọn mẹ́ta tí ó kù ń bá a lọ títí di oṣù kẹsàn-án ọdún 2011, ní tèmi sì, New Adventures in Hi-Fi ti ọdún 1996 ni àwo ńlá tí wọ́n ṣe kẹ́yìn. Vic Chesnutt, tí ìjàǹbá ọkọ̀ ti sọ di arọ láti ẹni ọdún 18, tí Stipe bá ṣe àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Little, tí ó jáde ní ọdún 1990, fúnra rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀ ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2009. Ẹ̀gbẹ́ ilé-ìṣọ́ agogo àtijọ́ yẹn gan-an ni Nuçi's Space wà, ilé tí ìyá kan kọ́ ní ìrántí ọmọ rẹ̀ olórin tí ó pa ara rẹ̀, tí ó ṣí ní ọdún 2000, níbi tí olórin ti lè rí yàrá ìdánrawò, tí wọ́n sì ti ń bá ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ wá oníṣègùn ní owó tí agbára rẹ̀ ká.

Àwọn tuntun tí ó dé lẹ́yìn wọn kò fara wé wọn, ohun tí ó sì wú mi lórí nìyẹn. Jeff Mangum àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ìlú Ruston ní Louisiana, tí wọ́n pe ara wọn ní Elephant 6, kó wá sí Athens láàárín ọdún 1990 sí 2000. Àwo Neutral Milk Hotel, ẹgbẹ́ Mangum, tí ó jáde ní ọdún 1998, In the Aeroplane Over the Sea, kún fún fèrè idẹ àti ayùn tí wọ́n ń fi ọ̀pá wọ́ títí yóò fi sunkún. Patterson Hood àti Mike Cooley dá Drive-By Truckers sílẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1996, tí wọ́n ń fi gìtá mẹ́ta pa ìtàn àwọn tálákà gúúsù.

Ẹni tí ó bá ń béèrè pé kí ni ó kan Yorùbá nínú gbogbo èyí, kí ó fetí sílẹ̀. Ẹgbẹ́ Talking Heads ti New York kọ́ ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ Fẹlá Aníkúlápó-Kuti, pàápàá láti inú àwo Afrodisiac rẹ̀, kí wọ́n tó ṣe Remain in Light ní ọdún 1980. David Byrne, olórí wọn, ni ó sì bá àwọn B-52's ṣe àwo Mesopotamia ní ọdún 1982. Ní ọdún 2001, ní Brooklyn, Túndé Adébímpé, tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tí òun náà sì gbé Nàìjíríà ní kékeré, bá wọn dá TV on the Radio sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí Rolling Stone fi àwo rẹ̀, Dear Science, ṣe àkọ́kọ́ nínú gbogbo àwo ọdún 2008. Ohùn tí ó ń gòkè tí ó ń sọ̀ ní àárín ariwo gìtá yẹn, etí Yorùbá kì í pẹ́ kí ó tó dá a mọ̀. Ní ọdún 2025 ó gbé àwo ti ara rẹ̀, Thee Black Boltz, jáde láti ọwọ́ Sub Pop, ilé-iṣẹ́ Seattle tí ó gbé àwo Nirvana àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1989.

Ṣùgbọ́n n kò tí ì parí ọ̀rọ̀ Pylon. Ní ọdún 1983, wọ́n bá U2 ṣeré ní ìlú díẹ̀. Wọ́n ní kí Pylon máa bá U2 lọ káàkiri, ṣùgbọ́n àwọn Pylon wò ó pé adùn iṣẹ́ náà ti ń tán, wọ́n kọ̀, wọ́n sì tú ká ní oṣù kejìlá ọdún náà láìjà láìta. Nígbà tí Rolling Stone pe R.E.M. ní ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì tí ó dára jù ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1987, Bill Berry ni ó dáhùn pé Pylon ni oyè yẹn tọ́ sí. Bewley kú ní ọdún 2009. Vanessa Briscoe Hay ti di nọ́ọ̀sì láàárín ìgbà náà, ó sì ń tọ́jú àwọn aláìsàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún 2020 ni wọ́n kó àwo Pylon àtijọ́ jọ tí wọ́n sì tún un gbé jáde. Obìnrin náà kó àwọn olórin mìíràn jọ, ó pe ẹgbẹ́ wọn ní Pylon Reenactment Society, àwo wọn, Magnet Factory, jáde ní ọdún 2024, Kate Pierson ti B-52's sì wá bá a kọrin nínú rẹ̀.